Abẹ́rẹ́ Tí Mo Ń Fún Ní Ìsinmi

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù karùn-ún

Ẹ̀jẹ̀ ni, nínú ìgbẹ́ mi. Mo wò ó, mo bọ́jú, mo tún wò ó. Kì í ṣe ata, torí mi ò jẹ ata. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mi ò ti fojú kàn án, ó wá yọjú láàárọ̀ yìí bí ẹni pé àná ló jáde nílé.

Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gún abẹ́rẹ́ sí itan ara mi ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọdún mẹ́fà tí ìfun mi fi jókòó jẹ́ẹ́. Kí n má purọ́, mo ti ń gbàgbé pé aláìsàn ni mí. Mo tiẹ̀ ti ń fọ́nnu.

Ìdánwò àṣekágbá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli láti àárọ̀, aṣọ tí mo sá ò gbẹ.

Ọjọ́rú, 6

Ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó kúrò nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta nílé-ìwé. Ọwọ́ akọ̀wé ni kọ́kọ́rọ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì àwa olùkọ́ wà. Wọ́n so igi kan mọ́ ọn tó tó apá ọmọ ọwọ́, kí olùkọ́ má baà gbàgbé rẹ̀ sápò lọ sílé. Nítorí náà, bó o bá ti gbé e dání, gbogbo ilé-ìwé ló mọ ibi tó ò ń lọ. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, akọ̀wé gbójú sókè lórí awò ojú rẹ̀.

"Tíṣà Ìṣirò, ẹ̀yin àti kọ́kọ́rọ́ yìí, ẹ ò ṣe kúkú fẹ́ra yín?"

Mo ní a ti ń wá ọjọ́ ìgbéyàwó. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tu itọ́ funfun jáde, tèmi ò sì kí ń ṣe òwe o.

Tíṣù ti tún gbówó lórí.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí fìríìjì, mo fa ike bọ́tà tó wà lẹ́yìn pátápátá yọ, mo ka abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Mẹ́rin. Àwọn tí mo fò láti èṣí nìyẹn, ẹnì kankan ò sì mọ̀. Bàbá onífìlà pupa kan ló la ojú mi níbi tá a ti jọ ń dúró de dókítà. Ó ní oògùn téèyàn bá ń lò lemọ́lemọ́, ara á mọ́ ọn, kò sì ní kà á sí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń jágbe mọ́ lójoojúmọ́ ṣì ń bẹ̀rù mi ni? Látìgbà yẹn, tó bá tó bí oṣù mẹ́ta, màá fo ọ̀kan, kí oògùn náà lọ sinmi, kó padà wá tagbáratagbára. Ìṣirò ni mo fi ń jẹun. Mo ti ṣírò rẹ̀.

Nígbà náà, kí ni ẹ̀jẹ̀ ń wá?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Mo lọ sílé àbúrò mi. Màmá náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé. Òní sì ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ àbúrò mi. Oògùn kan náà là ń gbà, fún àìsàn kan náà. Imú Bàbá wa la jọ pín, ìfun burúkú náà la jọ pín.

Ó dúró nínú kíṣìnnì, ó ká síkẹ́ẹ̀tì sókè, ó gún abẹ́rẹ́ síra, kò sì dá ìtàn tó ń sọ nípa ọ̀gá wọn nílé búrẹ́dì dúró. Ó jù ú nù tán, ó bá fọwọ́ bu ẹ̀pà sẹ́nu. Ẹ̀pà! Ó ń jẹ ẹ́ wóró-wóró, ó tún ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Bí èmi bá jẹ wóró mẹ́ta péré, ọjọ́ méjì ni mo máa fi sanwó ẹ̀.

"Ẹ wo bí ara ẹ̀ ṣe ń dán," Màmá wí. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà ń jẹun ṣá, àbí?"

Jẹ́ kí n kọ ọ́, ta ló máa kà á? Ọdún mẹ́ta péré ni àìsàn yìí tíì ṣe é. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo dá a mọ̀, mo fà á lọ́wọ́ lọ bá dókítà mi, kí oṣù méjì tó pé ó ti ń gba abẹ́rẹ́. Tèmi ńkọ́? Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ìrònú ni, pé bí mo bá lọ́kọ á lọ. Mo di egungun tó ń rìn. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi wò mí, ó ní òun ń lọ ra nǹkan níta, títí dòní kò tíì rà á tán. Ọkọ tirẹ̀ ńkọ́? Òun ló ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání bí wọ́n bá ń rìnrìn-àjò. Èmi ni mo fẹsẹ̀ lásán la igbó, òun wọ bàtà gba ibẹ̀ kọjá.

Mo wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni, ti òní tún pọ̀ ju ti àná. Mo fọ ọwọ́, mo jáde.

Ó ti nu ọwọ́ ẹ̀pà, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ní ó ṣeé ṣe kí oògùn yìí má ràn mí mọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rù ń bà mí o. Báwo lẹ̀yin ṣe ṣe tiyín tó fi pé ọdún mẹ́fà?"

Ẹnu mi ló wà. Mo lè sọ pé, wò ó, tèmi ti ń kọ̀. Àmọ́ mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo wo àwo ẹ̀pà.

"Mo máa ń fún un ní ìsinmi," mo wí. "Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fo ọ̀kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Dókítà ní n ò gbọ́dọ̀ fò ó o."

"Dókítà ló ni ìwé, èmi ni mo ni ìfun."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Mi ò purọ́. Ohun tí mò ń ṣe gan-an ni mo sọ. Ìyókù ni mi ò sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Mo lọ sílé ìwòsàn, mo fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì ní, "Ṣé ẹ ò fo abẹ́rẹ́ kankan?" Mo ní, "Rárá o." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá kan jókòó tì mí. Ẹnikẹ́ni ò bi í, ó ní ọdún kọkànlá rèé tí òun ti ń gba irú abẹ́rẹ́ yìí, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ fún òun. Ọdún mọ́kànlá! Mo kí i kú oríire. Bí kì í bá ṣe ìtìjú, ǹ bá fún un lọ́rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ mi. Méjì ni mo gún, ọ̀kan ní itan ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ọ̀kan nínú ti ike bọ́tà ni ìkejì. Ó ti sinmi tó. Kó dìde kó ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 18

Kò dìde.

Ọjọ́rú, 20

Ìdánwò Ìṣirò lónìí, wákàtí méjì ààbọ̀. Ọgọ́ta ọmọ, gbọ̀ngàn ńlá, fèrèsé tí kò ṣeé ṣí, èmi nìkan. Mi ò fẹnu kan oúnjẹ láti ọ̀sán àná. Aṣọ mìíràn wà nínú báàgì mi lábẹ́ àwọn ìwé.

Ìdajì wákàtí kọjá, ó dáa. Wákàtí kan, ó bẹ̀rẹ̀. Mo di etí tábìlì mú, mo ń ka búlọ́ọ̀kù ara ògiri láti òkè wá sísàlẹ̀. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ tọ̀."

Òfin ní kí n jẹ́ kó lọ, mo jẹ́ kó lọ. Ó jáde, ó ń wọ́ bàtà nílẹ̀, kò tiẹ̀ yára. Mo jowú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Mo jowú rẹ̀ débi pé omi bọ́ lójú mi, àwọn tó wà níwájú sì rí i, wọ́n á máa rò pé ìbéèrè ló le.

Nígbà tó ku ogójì ìṣẹ́jú, mo ṣílẹ̀kùn, mo pe olùkọ́ tó wà ní yàrá kejì pé kó bá mi dúró, mi ò sì dúró gbọ́ èsì. Mo débẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù kí n má débẹ̀. Nígbà tí mo padà, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí àga mi, tó ń wo aago.

"Tíṣà, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá, sà."

"Gbọ̀ngàn ìdánwò kì í ṣe ọjà tí à ń wọ̀ tí à ń jáde o."

"Ẹ má bínú, sà."

Ó ní olùkọ́ tí mo pè ò wá, pé àwọn ọmọ wà láwọn nìkan kí òun tó dé. Òógùn ń bọ́ lára mi bí ẹni tó fọ́ ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Àbúrò mi pè láàárọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fo ti òní o! Mo sì fẹ́ fo ti ọ̀sẹ̀ méjì sí i náà, kó sinmi dáadáa kí n tó tún bẹ̀rẹ̀."

Inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ pé. Mo ní, "O káre." Mo ní kó bá mi kí Màmá.

Mo lọ fọ abọ́. Mo ti fọ̀ ọ́ dé ìdajì kí n tó mọ̀ pé mò ń kọrin lábẹ́ ètè.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí n lè fojú ara mi rí i. Inú mi dùn. Ìfun mi ti ń ya láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti ń fura pé fífò yẹn ò sàn mí, síbẹ̀ inú mi dùn pé ó fò ó. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó ṣàìsàn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo kàn fẹ́ ká jọ wà nínú ẹ̀ ni. Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n rere.

Ọjọ́rú, 27

Èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé. Mo ju dókítà yìí lọ lọ́jọ́ orí. Ó máa ń fi bírò ha orí bí ọ̀rọ̀ bá le, ó sì ti ń ha á kí n tó jókòó.

"Oògùn yẹn ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ yín mọ́, mà. Kò sí rárá. Ọmọ ogun tí ara yín kó jọ láti máa pa á ló kún ibẹ̀."

"Ó yẹ kó ti wà níbẹ̀ báyìí," mo wí. "Méjì ni mo gún ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e."

Bírò dúró lórí rẹ̀. "Ẹ gún mélòó? Níbo lẹ ti rí ìkejì?"

Bí ike bọ́tà ṣe tú àṣírí mi nìyẹn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ jìnnà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti ìsinmi, ti mẹ́rin tí mo fò. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo.

"Bí oògùn bá ń wá déédéé, ara á máa wò ó bí ará ilé," ó wí. "Bó bá wá, tó lọ, tó tún padà wá, ara á mú un ní olè. Á kọ́ bó ṣe máa lúgọ dè é."

"Ṣé èmi ni mo fà á?"

"Mi ò lè búra sí i. Àwọn kan ò fo ìkankan rí, ó sì kọ̀ wọ́n. Àmọ́ fífò yẹn ò ṣe yín lóore."

Òmíràn ni wọ́n fẹ́ fún mi báyìí, èyí tí wọ́n ń fà sí èèyàn lápá bí omi. Ó di ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, kí n máa gbé hóró oògùn mì láràárọ̀. Mo bi í pé bí èyí náà bá kọ̀ ńkọ́. Ó ní ká débẹ̀ ná. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n á gé ìfun, wọ́n á so àpò mọ́ mi níkùn.

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bú bàbá onífìlà pupa, mo bú u, mo bú fìlà. Mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn ilé kí n tó rántí pé èmi ni onífìlà pupa ẹnì kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ mi, kò sí abẹ́rẹ́. Fóònù wà lórí tábìlì níwájú mi. Ó ku ọjọ́ méje kí àbúrò mi fo ìkejì.

Mi ò pè é. Bí mo bá pè é, á gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ á tún máa dán, á jẹ ẹ̀pà. Èmi á wà níbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹfà

Màmá wá kí mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Ọpẹ́ o, o ti ń sanra!" Hóró oògùn ló ń wú mi lójú, mo sì ń jẹun bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Mo ní àmín.

Ó jókòó, ó bọ́ bàtà. "Àbúrò ẹ ní bí o ṣe ń lo abẹ́rẹ́ tìẹ lòun náà ń lo tòun báyìí. Ọmọ yẹn! Ohun tó o bá ṣáà ti ṣe. O rántí ọjọ́ tó jábọ́ lórí igi?"

Mo rántí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, òun jẹ́ mẹ́fà. Mo ti gun ẹ̀ka náà, mo ti gbọ́ tó ń ké jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ mi bí igi tó fẹ́ dá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kó gùn ún, pé ó le dáadáa. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló kán.

"Mo bi í pé ta ló ní kó gun igi," Màmá wí. "Ó ní òun ló wu òun. Ó sunkún mọ́jú, kò yí ẹnu padà."

"Ẹ ò bi èmi."

"Kí ni mo fẹ́ bi ẹ́ sí? Mo rí ojú ẹ." Ó ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. "Bàtà yìí ń há mi. Ṣé o lómi tútù?"

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Mo ń máàkì ìwé ìdánwò. Oòrùn ti mú, bírò pupa ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ mẹ́rin tó jókòó tira wọn ló kọ èsì kan náà sí ìbéèrè keje, gbogbo rẹ̀ ò tọ̀nà. Ìgbà tí mo sá jáde ni. Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́, ọmọ tó mòye ni. Ó ṣì í, àwọn mẹ́ta tó kù sì gbà pé ẹni tó mòye kì í ṣì í. Mo fún gbogbo wọn lódo, mo wá gbé bírò sílẹ̀.

Mo pe àbúrò mi. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e, ó ní ó gbàgbé fóònù sílé lọ síbi iṣẹ́.

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Iṣẹ́ àárọ̀ ló ní lọ́la, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò sí o? Ṣé kí n jíṣẹ́?"

Mo ní kò sí. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí à ń rán èèyàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Mo dé ilé búrẹ́dì láago mẹ́jọ. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà. Ooru ibẹ̀ gbá mi lójú, àwọn páànù búrẹ́dì tò láti ilẹ̀ kan òrùlé. Àbúrò mi dé fìlà funfun, ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Kí ló dé? Ṣé Màmá ni?"

"Màmá wà dáadáa. Níbo ni tọ́lẹ́ẹ̀tì yín wà?"

Ìyẹn ò lè dúró de ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí mo jáde, ó ti dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìyẹ̀fun, ó ti mọ̀ pé nǹkan wà. Mi ò fọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Má fo abẹ́rẹ́ òní. Ìmọ̀ràn tí mo fún ẹ, ìmọ̀ràn burúkú ni. Tèmi ti bà jẹ́. Ara mi ti kọ́ bó ṣe ń pa á, fífò yẹn sì wà nínú ohun tó kọ́ ọ."

"Yéè. Ẹ̀gbọ́n mi." Ó di apá mi mú. "Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ kẹrin oṣù tó kọjá."

Mo rí i tó ń kà á lójú. Òun náà mọ ìṣirò. Ó fi apá mi sílẹ̀.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi, nínú kíṣìnnì mi, ṣé ẹ ti ń rí ẹ̀jẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ ni mo ti rí i, kí n tó jáde wá bá ẹ."

"Ẹ rí i, ẹ fọ ọwọ́, ẹ wá sọ fún mi pé kí n máa fò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nítorí kí ni?"

"Mò ń jowú ẹ. Ẹ̀pà tí ò ń jẹ. Ọkọ ẹ tó ń gbé kúlà. Gbogbo ẹ̀."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín ẹ̀pà. Kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń yan búrẹ́dì ṣí ààrò lẹ́yìn wa, ó fa páànù kan jáde, ó wò wá, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àbúrò mi tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ ní wákàtí kan. Ó ṣáájú mi lójú ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn. Mo ń tẹ̀ lé e bí ọmọ tó jẹ̀bi.

Nínú kíṣìnnì kan náà, ó yọ abẹ́rẹ́ láti inú fìríìjì. Ó gún un sí itan. Bó bá ti wọlé tán, a gbọ́dọ̀ dì í mú ká ka oókan dé ẹẹ́wàá kí oògùn tó wọlé tán. Èmi ni mo kà á síta. Kò ní kí n pa ẹnu mọ́. Mo dé ẹẹ́wàá, ó fà á yọ.

"Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. Kò wo ojú mi. "Màá pè yín."

Ọjọ́bọ̀, 11

Mo kó mẹ́ta tó kù nínú ike bọ́tà lọ fún nọ́ọ̀sì. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára wọn, ó wò mí, ó jù wọ́n sínú garawa pupa. Kò bi mí pé ṣé mi ò fo ìkankan.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Kò tíì pè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárọ̀ yìí. Mo wo fóònù ju bí mo ṣe wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Mo ń kọ èyí pẹ̀lú omi lápá. Àga mẹ́fà ló wà nínú yàrá yìí, ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fún mi. Oògùn tuntun náà ń kán tó, tó, kò já mọ́ nǹkan kan lójú. Nọ́ọ̀sì ní ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ká tó mọ̀ bóyá ó gbà tàbí kò gbà.

Mo ti kọ ibí yìí dé kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Àbúrò mi ni, ó gbé kúlà dání fúnra rẹ̀. Mi ò sọ fún un pé òní ni. Màmá ló máa jẹ́, Màmá tí kì í bi èèyàn ní nǹkan.

Ó kí nọ́ọ̀sì, ó fa àga kan tì mí. "Òní lọjọ́ tèmi náà," ó wí. "Mo ní kí n wá gbà á níbi tẹ́ ẹ ti máa rí mi."

Ó gbà á. Ó ka ẹẹ́wàá sínú. Mo rí ètè rẹ̀.

"Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò," ó wí lẹ́yìn náà. "Oògùn ṣì wà níbẹ̀, ó pé. Ẹyọ kan tí mo fò ò tíì ṣe nǹkan kan."

Mo ní ọpẹ́ ni. Ọpẹ́ ni lóòótọ́, gbogbo ara mi ló tú. Nínú ìtúra yẹn náà ni nǹkan kan tún ta mí láyà. Mo mọ orúkọ ẹ̀ báyìí. Á máa bá mi gbé.

Ó ń wo ọwọ́ mi tó ń kọ̀wé. Ó ní, "Kí lẹ máa ń kọ síbẹ̀ yẹn gan-an?" Mo lè pa á dé. Ojú oorun ti ń kùn mí, wọ́n fi nǹkan sínú omi yìí. Mo fẹ́ ṣí i sí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún, kí n gbé e fún un kí n tó sùn.

*Èmi àbúrò yín ni mo kọ èyí. Mo ti kà á tán, ti ọjọ́ yẹn àti ti gbogbo ọjọ́ tó kù. Ti orin tẹ́ ẹ kọ nídìí abọ́ ló dùn mí jù. Mo ṣì máa bínú fúngbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bínú. Ẹ ti sùn lọ, ẹnu yín là sílẹ̀, omi ku díẹ̀ kó tán. Abẹ́rẹ́ mi tó kàn di 4 oṣù keje, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nínú kíṣìnnì mi. Ẹ wá bá mi ka ẹẹ́wàá. Ẹ má yára kà á o, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá mi kà á, ẹ fo eéje.*